Ta Ló Gbà fún Kọ̀ǹpáílà Pé Kó Má Tọrọ Ààyè?

Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lóde òní kì í sábà ronú nípa mẹ́mọ́rì. Tó bá fẹ́ kó orúkọ àwọn oníbàárà jọ, yóò mú vector; tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, yóò mú string. Container ni àwọn onímọ̀ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Agbọ̀n ni èmi yóò máa pè é. Ohun tí agbọ̀n kì í sọ fún ẹni tó ń lò ó ni pé kò ní ààyè tirẹ̀. Ìgbà tí ètò bá ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tọrọ ààyè nínú mẹ́mọ́rì, yóò sì dá a padà nígbà tó bá lò ó tán. Àlọ àti àbọ̀ yẹn ń jẹ àkókò.

Kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ọgbọ́n tó ń pọ̀ sí i. Lójú tèmi, tó bá kan ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì, ìtàn òfin ni: ta ló fún un láṣẹ láti fo ohun tí a ní kó ṣe?

Nígbà tí John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé FORTRAN jáde ní 1957, ìtọrọ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ ètò ti gbọ́dọ̀ sọ iye nọ́ńbà tí yóò lò, kọ̀ǹpáílà a sì pín ààyè sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò di ìgbà Fortran 90 kí èdè náà tó gba ìtọrọ. Ọ̀nà míì ni John McCarthy gbà ní MIT. LISP rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ń tọrọ ààyè nígbàkigbà, ó sì ní agbálẹ̀ tirẹ̀ tó ń kó ààyè tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ padà. Tí agbálẹ̀ bá ń gbálẹ̀, iṣẹ́ a dúró dè é.

Frances Allen wọ IBM ní 1957 yẹn kan náà, FORTRAN ló sì kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀. Òun ló wá fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí kọ̀ǹpáílà ṣe lè wo gbogbo ọ̀nà tí ètò lè gbà kọjá kó tó tún un ṣe. Ní 2006 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Turing. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu wa ju bó ṣe wà lọ.

Agbọ̀n dé sínú C++ nípasẹ̀ Alexander Stepanov àti Meng Lee ní Hewlett-Packard. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin èdè náà gbà á wọlé ní 1994. Vector wọn dà bí olóde tó yá àga 50. Tí àlejò kọkànléláàádọ́ta bá dé, kò ní lọ yá ẹyọ kan: yóò yá 100, yóò kó gbogbo àlejò lọ sórí rẹ̀, yóò dá 50 àkọ́kọ́ padà. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpáílà ń rí inú agbọ̀n yìí. Ó lè tú u palẹ̀, kó sọ ọ́ di ìṣirò lásán.

Ohun kan ṣoṣo ni kò lè tú: ìtọrọ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà lè rí i kedere pé a tọrọ ààyè fún nọ́ńbà mẹ́ta, a rò wọ́n pọ̀, a dá ààyè padà. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fò ó, nítorí òfin C++ gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ti ara rẹ̀ rọ́pò ẹni tó ń pín ààyè, bóyá láti máa ka iye ìgbà tí wọ́n wá tọrọ. Tí a bá fo ìtọrọ kan, ìṣirò rẹ̀ yóò yí padà. Àbá kan ní 2013 ló yanjú rẹ̀, ó sì wọ òfin C++14: kọ̀ǹpáílà lè fo ìtọrọ tí kò pọn dandan. Clang tètè lò ó. GCC dúró di ẹ̀dà kẹwàá, ní 2020. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn agbọ̀n gan-an kò sí lábẹ́ àṣẹ náà, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọrọ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí òfin dárúkọ. Àwọn oníṣẹ́ Clang ní láti ṣe àmì àdéhùn kan sáàárín kọ̀ǹpáílà wọn àti libc++, àkójọ agbọ̀n tiwọn.

Java àti Go kò ní irú wàhálà òfin yìí. Kọ̀ǹpáílà Go tilẹ̀ máa ń sọ fún ọ, tí o bá bi í, ohun tó sá lọ sínú mẹ́mọ́rì ìtọrọ àti èyí tí kò sá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń fi èdè Áfíríkà kọ̀wé ni string. Láti GCC 5, ní 2015, string ń gbé ààyè báìtì 15 kiri lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kì í tọrọ ohunkóhun. Olorunfemi, láìsí àmì, jẹ́ báìtì 10. Ọlọ́runfẹ́mi, bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, jẹ́ 20: Ọ ń gba 3, ọ́ àti ẹ́ ń gba 5 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí Unicode kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún lẹ́tà àti ohùn rẹ̀ pọ̀. Ɔ́ àwọn Ewe àti Fon ń gba 4. Kò sẹ́ni tó fi 15 ṣe wá níkà. Ìwọ̀n tó bá ẹ̀rọ mu ni. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ń tọrọ ààyè nígbà tí a bá kọ ọ́ dáadáa, kì í sì tọrọ nígbà tí a bá bó o lámì. Kọ̀ǹpáílà kò sì lè gbà wá níbẹ̀. Ìgbà tí ètò bá ti ń ṣiṣẹ́ ni orúkọ ń dé, láti ọwọ́ ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ ní báńkì tàbí ní ilé ìwé, kọ̀ǹpáílà sì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ tipẹ́. Nínú libc++, ààyè náà jẹ́ 22, Ọlọ́runfẹ́mi sì wọlé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.