Ṣé kọ̀ǹpútà kékeré dára fún géèmù? Ohun tí ìtàn láti ọdún 2000 fi yé wa

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, Valve, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Steam, ọjà géèmù orí ayélujára, kéde pé òun fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde fún àwọn tó ń gbá géèmù. Steam Machine ni orúkọ rẹ̀. Àpótí onígun mẹ́rin ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi ìnṣì 6 lọ.

Fún ọ̀dọ́ tó ń tu owó jọ ní Abuja, Kano tàbí Accra láti ra ẹ̀rọ géèmù, ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ lèyí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àpótí kékeré báyìí lè ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, àbí owó òun máa wọgbó.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa dán irú rẹ̀ wò. Àwọn kan ti kùnà, àwọn kan ti yege, ìtàn wọn sì lè ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ tó náwó.

Ọdún 2000: Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó wọ́n

Lọ́dún 2000, Apple gbé Power Mac G4 Cube jáde. Kò ní fáànù rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ń gbé ooru jáde láti òkè.

Dọ́là 1,799 ni owó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí Apple fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí àyè wà nínú rẹ̀ fún àfikún ẹ̀yà ara, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún 2001, Apple ti dá iṣẹ́ dúró lórí Cube.

Lọ́dún 2001 yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ méjì ní Taiwan gba ọ̀nà mìíràn. Shuttle gbé àpótí kékeré rẹ̀, SV24, jáde. VIA sì ṣe Mini-ITX, ìyẹn ìwọ̀n tuntun fún motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ń jókòó lé. Sẹ̀ǹtímítà 17 ní òró àti ìbú ni. Ìwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà kékeré fúnra wọn ṣì ń lò títí dòní.

Lásìkò náà, àwọn onígéèmù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ sílé ọ̀rẹ́, wọ́n á fi wáyà so wọ́n pọ̀, wọ́n á sì bá ara wọn figa gbága di òwúrọ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ gbé kọ̀ǹpútà ńlá rí mọ ìdí tí àpótí kékeré fi wù wọ́n.

Ṣùgbọ́n SV24 kò ní àyè fún graphics card alágbára, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù sójú mọ́nítọ̀. Ìgbà tí Shuttle wá àyè fún un nínú àwọn tó tẹ̀lé e ni àwọn onígéèmù tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kí ló dé tí kékeré fi ṣòro?

Ooru ni. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń di ooru, ooru náà sì gbọ́dọ̀ jáde. Inú kọ̀ǹpútà ńlá gba fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́. Inú èyí tó kéré kò gbà ju fáànù kékeré lọ, tó ní láti sáré kíkankíkan, ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi ń pọ̀.

Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n, ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa dín agbára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ibẹ̀ ni géèmù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ohun tó kọ lu Valve lọ́dún 2015

Steam Machine ti wà tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2015, Alienware àtàwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gbé e jáde pẹ̀lú SteamOS, tí wọ́n kọ́ lórí Linux. Ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà náà kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, torí pé Windows ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Dọ́là 449 ni ti Alienware fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí PlayStation 4 jẹ́ dọ́là 349 ní Amẹ́ríkà. Ọjà náà kò tà.

Ohun méjì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Lọ́dún 2018, Valve ṣe Proton, tó ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Èkejì ni pé AMD àti Intel túbọ̀ ń fi agbára kún àwòrán tó ń ti inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jáde, láìsí graphics card ọ̀tọ̀.

Nígbà tí Valve gbé Steam Deck, èyí tó ṣeé gbé lọ́wọ́, jáde lóṣù Kejì ọdún 2022, ó gbayì. Dọ́là 399 ló fi bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kì í sì í jẹ ju wáàtì 15 lọ.

Ní Nàìjíríà, wáàtì ló ń sọ̀rọ̀

Ní Taiwan àti Yúróòpù, àyè orí tábìlì ni wọ́n ń rò. Ní tiwa, iná ni.

Kọ̀ǹpútà ńlá tó ní graphics card alágbára lè jẹ tó wáàtì 500 bí géèmù bá ń lọ. Èyí tó kéré tí kò ní graphics card ọ̀tọ̀ lè má jẹ ju nǹkan bíi 60 lọ. Bí ẹ bá fi wákàtí márùn-ún gbá géèmù, ti àkọ́kọ́ jẹ́ yúnìtì iná 2.5, ti èkejì jẹ́ 0.3, láì ka mọ́nítọ̀.

Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan dé ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A. Ní iye yẹn, ₦562.50 ni kọ̀ǹpútà ńlá máa jẹ lọ́jọ́ kan, kékeré á jẹ ₦67.50. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó di ₦16,875 sí ₦2,025.

Ibi tí iná ọba kò ti dé déédéé ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Bátìrì inverter oní-12 volt, 200Ah, kò gbà ju nǹkan bíi yúnìtì 2.4 lọ. Kọ̀ǹpútà ńlá nìkan á tán an kí wákàtí márùn-ún tó pé. Kékeré á ṣẹ́kù fún gílóòbù àti fáànù ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" náà kò lè gbé ti ńlá pẹ̀lú ohun tó pọ̀ mọ́ ọn.

Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì ńkọ́?

Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà lóṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kúrò ní iye tí kò tó ₦500, ó sì ti kọjá ₦1,500 nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló torí ẹ̀ yíjú sí tòkunbọ̀.

Nínú wọn ni Lenovo ThinkCentre Tiny, tó ti wà láti ọdún 2012, Dell OptiPlex Micro àti HP Mini. Ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n lè gbé géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ àtàwọn géèmù tí kò wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní àyè fún graphics card. Bí òǹtajà bá ní ó máa gbé géèmù tuntun tó wúwo, ẹ ní kó ṣí i kẹ́ ẹ rí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí géèmù máa lọ lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ máa wò ó bóyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ bèèrè bóyá RAM méjì ló wà nínú rẹ̀, torí inú RAM ni irú kọ̀ǹpútà yìí ti ń yá ibi tó ń kó àwòrán sí, méjì sì yá ju ẹyọ kan lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa gbọn eruku inú rẹ̀, nítorí ihò kékeré kì í pẹ́ dí.

Ta ló yẹ kó rà á?

Bí géèmù tó ń jáde lọ́dọọdún, pẹ̀lú àwòrán tó mọ́lẹ̀ jù lọ, bá jẹ yín lógún, kọ̀ǹpútà ńlá tàbí PlayStation ṣì ni tiyín. Ẹ kàn ṣírò owó iná mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá géèmù tí kò wúwo, tí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ní, tó tún fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ tàbí kàwé, kò ṣèèṣì bó bá ra kékeré. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Wáàtì àti ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè ẹwà.