Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Ìwé Ṣe Dé Ọwọ́ àti Etí Afọ́jú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá fi ìmọ̀ wé ọjà, ojú nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí ó wọ̀ ọ́. Ìtàn ìwé kíkà láàárín àwọn afọ́jú jẹ́rìí sí èyí.

Ní ọdún 1829, Louis Braille, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó gbé kalẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Àmì róbótó mẹ́fà tí ó yọ sókè lójú ìwé ni ó lò. Ìka ni a fi ń kà wọ́n. Ọ̀nà yìí dé ilẹ̀ wa. Ní 1962 ni ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní Súrùlérè, l'Ékòó. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn tí yóò kọ́ àkàndá ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ìwé Braille tóbi, ó sì wọ́n.

Kọ̀ǹpútà la ọ̀nà mìíràn. Ní 2006, Michael Curran, afọ́jú ọmọ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Fóònù òde òní náà ń kàwé bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Nàìjíríà wọ àdéhùn Marrakesh, tí ó mú kí ó rọrùn láti ṣe ẹ̀dà ìwé tí afọ́jú lè kà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀.

Síbẹ̀, òfin kì í ka ìwé fún ni. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú kan wà ní Obajana tí fóònù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ya fọ́tò ìwé ránṣẹ́ sí i, fóònù náà lè máa wí pé àwòrán ni, kí ó dákẹ́. Bí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì ṣàlàyé àwòrán inú rẹ̀, ọ̀nà ti là.

Ti àwa Yorùbá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ẹ̀rọ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣọ̀wọ́n, inú ìwé tí a fi àmì sí dáadáa ni ẹ̀rọ sì ti lè kọ́ ọ. Bí a bá kọ “oko” lásán, báwo ni yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àmì ohùn tí a ń sá fún nínú ìdánwò, ojú ọ̀nà ẹlòmíràn ni. Ẹ má jẹ́ kí a dí i.