Ọ̀nà tí Ènìyàn Ń Gbà Di Dókítà Ẹranko ní Nàìjíríà

Dókítà ẹranko ni ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ní yunifásítì, tí òfin sì fún ní àṣẹ láti tọ́jú ẹran tó ń ṣàìsàn, láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àti láti dènà àrùn tí ẹran lè kó ran ènìyàn. Ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò tó láti ṣe iṣẹ́ yìí. Òfin Àwọn Oníṣègùn Ẹranko ti ọdún 1969 ló gbé àkóso iṣẹ́ náà lé ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Oníṣègùn Ẹranko ti Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí VCN. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹranko.

Ìtàn ní ṣókí

Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko àkọ́kọ́ lágbàáyé ni èyí tí Claude Bourgelat dá sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1761. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1924, nígbà tí àrùn rinderpest ń pa màlúù lọ rẹpẹtẹ. Ní àwọn ọdún 1960 ni ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Lónìí, a tún ń kọ́ ọ ní Nsukka, Maiduguri, Sókótó, Abẹ́òkúta, Ìlọrin àti àwọn ibòmíràn.

Ìgbàwọlé àti ẹ̀kọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàolójì, kẹ́mísírì àti físíìsì ní ìdánwò WAEC tàbí NECO, kí ó sì jókòó fún ìdánwò JAMB. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà fún ẹni tó bá gba ọ̀nà JAMB wọlé. Lẹ́yìn ọdún kìíní, ó kan bí ara ẹran ṣe rí àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ á la òkú ẹran wò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kòkòrò àrùn, aràn, oògùn àti ohun tí àìsàn ń bàjẹ́ nínú ara. Ọdún méjì tó kẹ́yìn ló le jù: wọ́n á máa yí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ilé ìwòsàn ẹranko, oko adìyẹ, agbo màlúù àti odò ẹran, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran wò kí alápatà tó tà á. Oyè DVM ni wọ́n ń gbà níkẹyìn.

Ìwé àṣẹ

Lẹ́yìn àṣeyọrí ìdánwò ìkẹyìn, VCN á ṣe ìbúra fún àwọn dókítà tuntun, á sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ kì í ṣe gbà-á-tán: ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ìmọ̀ wọn má bàa di ti àná. Ẹni tó kàwé lókè òkun gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò VCN kó tó lè ṣiṣẹ́ níbí. Bákan náà, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò NAVLE.

Ìdí tí òfin fi le

Ẹni tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ẹran, irú èyí tó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ń ṣe iṣẹ́ pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ lọ́jà. Àṣìṣe nídìí iṣẹ́ yìí kì í mọ sára ẹran nìkan. Ajá dìgbòlugi ń pa ènìyàn. Ní ọdún 2006, Nàìjíríà ni àrùn adìyẹ H5N1 ti kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà. Ní ọdún 2023, àrùn anthrax yọjú lára ẹran ní ìpínlẹ̀ Niger. Nítorí náà, kí ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn tàbí ajá nílé béèrè ìwé àṣẹ ọdún náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.