Ta Ló Ń Dá Ẹjọ́ Adájọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ki íápíìsì bọ etí dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ilé wa ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bàbá mi pàdánù ẹjọ́ ilẹ̀ kan nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Láti ìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti jẹ yọ nínú ilé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ: "Àna wọn ni adájọ́ yẹn." Wọn kì í sọ pé bóyá ìwé àwọn kò pé. Wọn kì í sọ pé bóyá lọ́yà àwọn kò múra. Àna wọn ni adájọ́, ó parí.

Lọ́dún tó kọjá, mo bi wọ́n pé, "Dádì, ṣé ẹ sọ ọ́ ní kóòtù nígbà yẹn?" Wọ́n wò mí bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ tí kò tíì gbọ́n. Wọ́n ní, "Ta ni ká sọ ọ́ fún? Ṣé adájọ́ fúnra rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló bí ètò òní. Tí adájọ́ bá ní ọwọ́ nínú ẹjọ́ tó ń dá, bóyá owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bóyá ọkọ tàbí aya rẹ̀, ta la fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Kí sì ni ìjọba máa ń ṣe sí i?

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Bí a ṣe dá èèyàn nìyẹn. Ìdí rẹ̀ rèé tí òfin kò fi dúró kí adájọ́ ṣe ojúsàájú tán kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ìlú Ọba, torí ibẹ̀ la ti jogún òfin kóòtù wa. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Dimes bá ilé-iṣẹ́ Grand Junction Canal fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ni odò àgbẹ́ kan tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kó ẹrù. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Ẹjọ́ dé iwájú Lord Cottenham, olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà, òun náà dá wọn láre. Ẹ̀yìn náà ni àṣírí tú: Lord Cottenham ní ṣíà nínú ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sì ni.

Ní 1852, House of Lords fagi lé ìdájọ́ rẹ̀. Wọn kò pè é ní olè o. Kódà, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè rò pé ṣíà yẹn yí i lọ́kàn padà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ara rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé e tán, wọ́n wo ìdájọ́ adájọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní ó tọ́. Dimes tún jẹ̀bi! Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ó di 1998. Ọ̀gágun Augusto Pinochet, tó fi ìbọn gba ìjọba Chile ní 1973, wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní London. Èèyàn tó lé ní 3,000 ni wọ́n pa tàbí tí wọ́n sọ di àwátì nígbà ìjọba rẹ̀. Ní October 16, ọlọ́pàá mú un torí pé adájọ́ kan ní Spain ló béèrè fún un. Ní November 25, adájọ́ márùn-ún ní House of Lords dìbò, mẹ́ta sí méjì: jíjẹ́ olórí ìjọba tẹ́lẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Lord Hoffmann wà lára àwọn mẹ́ta náà.

Àjọ Amnesty International wà nínú ẹjọ́ yẹn, wọ́n gbà wọ́n láyè láti sọ tiwọn tako Pinochet. Ìgbà tí ìdájọ́ jáde tán ni àwọn lọ́yà Pinochet tó mọ̀ dájú pé Lord Hoffmann ni alága ẹ̀ka Amnesty tó ń bójú tó iṣẹ́ àánú wọn. Wọn kì í sanwó fún un. Aya rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ní Amnesty.

Ní December 17, House of Lords fagi lé ìdájọ́ ara wọn. Adájọ́ méje tún ẹjọ́ náà gbọ́, àti ní March 24, 1999, mẹ́fà nínú wọn ní wọ́n ṣì lè fa Pinochet lé Spain lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn tó kù kò pọ̀ mọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ìjọba dá a padà sílé ní 2000, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá.

Kí ni ìjọba wá ṣe sí adájọ́? Wọn kò yọ Hoffmann, ó ń dájọ́ lọ títí di 2009. Lord Irvine, olórí ètò ìdájọ́ nígbà náà, ló kọ̀wé sí àwọn adájọ́ pé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jókòó bi ara wọn léèrè bóyá ẹnìkan nínú wọn ní ọwọ́ níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 ló jẹ́ kí ọ́fíìsì kan bẹ̀rẹ̀ ní 2006 tó ń gba ẹ̀sùn nípa ìwà adájọ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yẹn kò lè yí ìdájọ́ padà. Ìwà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ìdájọ́ ní tirẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà méjèèjì náà wà ní Nàìjíríà. Èkíní ni pé kí o sọ ọ́ nínú kóòtù gan-an, kí adájọ́ yẹra. Ní 2019, nígbà tí Atiku àti PDP pe ẹjọ́ lórí ìbò ààrẹ, Adájọ́ Zainab Bulkachuwa, Ààrẹ Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò sẹ́nétọ̀ lábẹ́ APC. PDP ní kó yẹra. Ní May 22, ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀bẹ̀ PDP kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà, Adájọ́ Bulkachuwa ní òun yẹra fúnra òun. Ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, àti ní September 11, PDP ṣì fìdí rẹmi.

Ní June 2023, ọkọ rẹ̀ dìde ní Sẹ́nétì lọ́jọ́ ìdágbére, ó ní aya òun ran àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ́wọ́ nígbà tó wà nípò. Ààrẹ Sẹ́nétì dá a dúró. Ó ní wọ́n ṣi òun gbọ́ ni. Aya rẹ̀ náà ní òun kò da ìbúra iṣẹ́ òun rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: tó bá jẹ́ pé òun ló parí ẹjọ́ 2019 yẹn, irú ariwo wo ni à bá gbọ́?

Ẹnu ọ̀nà kejì ni NJC, tí òfin 1999 gbé kalẹ̀. Wọ́n lè dá adájọ́ dúró, wọ́n lè ní kí ààrẹ tàbí gómìnà yọ ọ́. Ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, pẹ̀lú ìbúra, kó má sì kọjá oṣù mẹ́fà. Adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa ni alága, àwọn adájọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn méjì péré ni kì í ṣe lọ́yà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá mi ti ní òótọ́ díẹ̀ nìyẹn.

Ẹ padà sí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Dimes jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì. Pinochet jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì. PDP fìdí rẹmi lẹ́yìn tí adájọ́ yẹra. Kí wá ni àǹfààní gbogbo wàhálà yìí? Èmi rò pé ẹni tó jẹ̀bi la ṣe òfin yìí fún. Ẹni tó jàre kì í béèrè ẹni tí adájọ́ fẹ́. Ẹni tó jẹ̀bi ló gbọ́dọ̀ lè sùn lóru, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni kò dúró, kì í ṣe pé òun kò ní àna ní kóòtù.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá mọ nǹkan nípa adájọ́ yín, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín sọ ọ́ ní kíá. Tẹ́ ẹ bá mọ̀, tẹ́ ẹ dákẹ́ títí ẹ fi jẹ̀bi, kóòtù òkè lè ní ẹ ti fara mọ́ ọn.

Bàbá mi kò sọ ọ́. Bóyá ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa rárá, bóyá adájọ́ yẹn ṣe ohun tó tọ́. A kò lè mọ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì ju ilẹ̀ lọ.

Ó dìgbà kan ná o.