Ta Ló Dojú Ọmọ Bolẹ̀?

Ọmọ tó bá dojúbolẹ̀ wáyé, a kì í ronú jìnnà ká tó fún un lórúkọ. Àjàyí ni. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, òun fúnra rẹ̀ ló mú un bọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tó ṣe atọ́nà ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ kárí ayé. Àmọ́ tí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá lẹ́yìn ìkómọjáde, gbogbo ọmọ pátá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ di Àjàyí, títí kan Ìgè tó fẹsẹ̀ wáyé. Nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni. Ìyá á tẹ́ ọmọ, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, oorun á gbé òun náà lọ. Ìgbà tó bá fi máa tajú lóru, ọmọ ti yí, ó ti dojúbolẹ̀, ó ti kó ìdí sókè. Ṣé kó dá a padà ni, àbí kó fi í sílẹ̀?

Ìtàn tó wà nídìí ìbéèrè yìí gùn, torí pé kì í ṣe ọmọ nìkan ló ń yí ara rẹ̀ dojúbolẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àwọn àgbà ló ń dojú ọmọ bolẹ̀ kí wọ́n tó pa iná. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe é, ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ní Ọsirélíà àti New Zealand. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló sì kọ́ wọn.

Láyé àtijọ́, ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù kì í ṣe bí ọmọ ṣe sùn, ẹni tó sùn tì í ni. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, ẹjọ́ tí obìnrin méjì gbé wá bá Sólómọ́nì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ sùn lé lóru. Ní ìlú Florence ní Ítálì, wọ́n kan ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní arcuccio, àpótí tí kò ní ìdérí, tí wọ́n fi igi àti irin tẹ̀ bí ìbòrí sórí ọmọ. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú kí ọmú lè wọlé, wọ́n sì fi ọ̀pá igi kan dábùú òkè rẹ̀ tí obìnrin á fara tì bó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn obìnrin tó ń gba owó láti fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ sùn ti ọmọ láìlò ó; bí wọn ò bá lò ó, ṣọ́ọ̀ṣì lè yọ wọ́n kúrò nínú ìjọ. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1730.

Ní Scotland ńkọ́? Charles Templeman, dókítà àwọn ọlọ́pàá ní ìlú Dundee, kó ọ̀rọ̀ ikú ọmọ 258 jọ ní 1892, gbogbo wọn ni wọ́n kà sí ọmọ tí wọn ò rí èémí mí lórí ibùsùn. Ó rí i pé òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Ó dá ọtí lẹ́bi, ó dá àìmọ̀kan àti àìbìkítà àwọn ìyá lẹ́bi, ó sì mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe ń há gádígádí sínú yàrá kan. Ti ìyá ló jáde gbangba jù níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ikú ọmọ ṣe sábà máa ń rí.

Nígbà tó yá, àwọn ilé tó rí jájẹ ra àkéte kékeré tí ọmọ ń dá sùn sí. Ọmọ kò sùn ti ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń kú.

Ní 1944, Harold Abramson yẹ ikú ọmọ 139 wò ní New York, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe sùn ni wọ́n bá lójú-bolẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n yé dojú ọmọ bolẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Paul Woolley fi kúbùsù bo àwọn ọmọ kan lójú, ó wò ó bóyá wọ́n á ṣì máa mí. Wọ́n mí dáadáa. Bí wọ́n ṣe pa ọ̀rọ̀ Abramson tì nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá balẹ̀ sí gbogbo ilé ni Benjamin Spock, dókítà àwọn ọmọdé tó gbé ìwé ìtọ́jú ọmọ jáde ní 1946. Àìmọye àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló rà á. Nínú àwọn àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, kò sí wàhálà nínú kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àtẹ̀jáde 1958 fi máa dé ọwọ́ àwọn ìyá, Spock ti yí ohùn padà. Ìdí méjì ló ní: ọmọ tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tó sì bì, èébì lè há a lọ́fun, bákan náà, ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni rere ni Spock, ó sì fẹ́ràn ọmọ. Ohun tó kọ yìí bọ́gbọ́n mu létí, kò sì sí ìwádìí kankan nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ èébì yẹn dáadáa, torí títí dòní, òun ni ìyá àgbà tó wọkọ̀ òfuurufú láti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń bá nọ́ọ̀sì jà. Ihò méjì ló wà lọ́fun, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wà níwájú, èyí tí oúnjẹ ń gbà wà lẹ́yìn. Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ihò afẹ́fẹ́ ló wà lókè, ti oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Bí wàrà bá ti inú bọ̀, yóò ní láti gun òkè kó tó dé ihò afẹ́fẹ́, ọmọ á sì ti gbé e mì tàbí kó wúkọ́ ọ dànù. Tí ọmọ bá dojúbolẹ̀, gbogbo rẹ̀ dorí kodò: ti oúnjẹ bọ́ sókè, ti afẹ́fẹ́ bọ́ sísàlẹ̀, níbi tí nǹkan á ti máa kán sí. Ohun tí Spock ń sá fún gan-an ló gbé ọmọ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà ràn. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, àwọn dókítà rí i pé ọmọ tó dojúbolẹ̀ ń mí dáadáa ju èyí tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ yẹn tọ̀sán-tòru. Àwọn ìyá tó bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé rí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ní Netherlands, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àṣà tuntun yìí wọlé. Ikú ọmọ lójú oorun sì gòkè bá a. Jámánì apá Ìlà-Oòrùn tètè fura. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà ni ìjọba wọn ti pàṣẹ fún àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ pé kí wọ́n jáwọ́. Ṣùgbọ́n ta ní àwọn dókítà apá Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ gbẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn Kọ́múníìsì?

Kí nǹkan tó ní orúkọ, ó ṣòro láti kà á. Ọdún 1969, níbi ìpàdé kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n tó fẹnu kò lórí orúkọ tí wọ́n á máa pe ikú òjijì tó ń mú ọmọ tí ara rẹ̀ le lójú oorun, tí àyẹ̀wò òkú kò sì rí ohun tó pa á. Kó tó dìgbà náà, oníkálukú ló ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀: òtútù àyà, àìrí-èémí-mí, tàbí kí wọ́n kàn wo ojú ìyá láìsọ̀rọ̀.

Ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà, Susan Beal kò dúró sínú ọ́fíìsì. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti ń lọ bá àwọn òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, ó ń jókòó tì wọ́n, ó ń wo ibi tí ọmọ sùn, ó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ àti bí wọ́n ṣe bá a. Ohun kan náà ló ń gbọ́ láti ilé dé ilé. Ní 1985, D. P. Davies kọ̀wé láti Hong Kong pé ikú yìí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tàwọn, níbi tí èrò ti há, tí àwọn ìyá sì ń fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bí àwọn ìyá wọn ṣe ṣe é. Guus de Jonge ní Netherlands ka iye àwọn tó kú ṣáájú àti lẹ́yìn tí àṣà tuntun dé; láti 1987 ló ti ń kìlọ̀ ní gbangba, iye náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní agbègbè Avon ní Gẹ̀ẹ́sì, Peter Fleming àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ 67 tó kú wé 144 tó yè: ewu tó wà fún ọmọ tó dojúbolẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1990. Fleming fúnra rẹ̀ kò retí irú èyí.

New Zealand náà kò fi falẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Ìwádìí ńlá tí Ed Mitchell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987 kò tíì parí tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n yí ọmọ padà.

Ní oṣù keje ọdún 1991, ọmọkùnrin Anne Diamond kú lójú oorun. Atọ́kùn ètò òwúrọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni obìnrin yìí, gbogbo ilé ní Bìrìtìkó ló mọ ojú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé New Zealand ti mọ ohun kan tí wọn kò tíì sọ fún àwọn ìyá ní ìlú tirẹ̀, kò jẹ́ kí àwọn mínísítà sinmi. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìpolongo bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ọdún díẹ̀, ikú náà já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìmọ̀ràn ní 1992 àti ìpolongo ní 1994. Ọmọ tí wọ́n ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 70 nínú 100 ní 1992. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọn ò tó 20 mọ́. Ọmọ tó ń kú nínú 1,000 tí wọ́n bí jẹ́ 1.2 ní 1992. Ní 2001 ó ti di 0.56.

Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́.

Ní 2005, Ruth Gilbert àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù padà lọ kó gbogbo ìwádìí àtijọ́ jọ. Wọ́n rí i pé bí ẹnikẹ́ni bá ti jókòó kó wọn pọ̀ ní 1970, ẹ̀rí á ti hàn. Ọmọ tó ju 10,000 lọ ní Bìrìtìkó, àti ó kéré tán 50,000 ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti ìhà Ọsirélíà, ló ṣeé ṣe kí wọ́n má kú.

Ó wá ku ọmọ tó ń fúnra rẹ̀ yí. Ìpolongo ti tán lọ́dọ̀ ìyá, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà kí ìyá fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọmọ tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kì í pẹ́ yí dojúbolẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà yọ ìyẹn kúrò. Ní 1999, Mitchell rí ohun kan tó burú jùyẹn lọ: ọmọ tó ti mọ́ lára láti fi ẹ̀yìn sùn, tó wá dojúbolẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, wà nínú ewu ju ọmọ tí ojú-bolẹ̀ ti mọ́ lára lọ. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orí, tí wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Ní St. Louis, James Kemp àti Bradley Thach ti fi hàn ní 1991 pé ọmọ tó tẹ imú bọ inú tìmùtìmù tó rọ̀ lè máa mí afẹ́fẹ́ àmíjáde ara rẹ̀ sínú títí tí agbára á fi tán nínú rẹ̀.

Èyí ló bí òfin tí wọ́n ń sọ fún ìyá báyìí. Ìgbàkígbà tó bá ń tẹ́ ọmọ, ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀ títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Bí ọmọ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí lọ tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí bọ̀, tó sì wá yí fúnra rẹ̀ lóru, ìyá lè fi í sílẹ̀. Kò sí ìdí tó fi máa jí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láti dá a padà. Bí ọmọ bá ti ń gbìyànjú láti yí pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n yé fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, torí ọwọ́ yẹn ló máa fi ti ara rẹ̀ dìde. Fóòmù líle, aṣọ tó fún mọ́ ọn, ó tán: kò sí ìrọ̀rí, kò sí kúbùsù, kò sí bèbí. Nǹkan bí 9 nínú 10 ikú yìí ń ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, ìyẹn ìgbà tí ọrùn àti apá ń gbó bọ̀.

Àwọn oníṣòwò kò ka ìtàn yìí. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Fisher-Price gbé àga kan jáde tí ọmọ ń sùn sí ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Rock 'n Play. Àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀ torí ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá yí nínú àga tó dagẹ̀rẹ̀, tí okùn kò dè é, kò rí ibi gbé imú sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, lẹ́yìn ikú ọmọ tó lé ní 30, wọ́n dá nǹkan bí 4.7 mílíọ̀nù rẹ̀ padà. Ní 2022, Joe Biden tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà fọwọ́ sí òfin tó ká ọwọ́ títa irú àga bẹ́ẹ̀ kò, pa pọ̀ mọ́ tìmùtìmù tí wọ́n ń so yí àkéte ọmọ ká.

Bí ọmọ ṣe ń fi ẹ̀yìn sùn ti mú kí wọ́n máa pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yí, kí wọ́n sì tó rá, àmọ́ wọn kì í pẹ́ ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó rìn. Orí pẹrẹsẹ tí Spock bẹ̀rù náà pọ̀ sí i lẹ́yìn 1992, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà iṣẹ́ abẹ ṣe rí i. Ìdènà rẹ̀ rọrùn. Lójú ọ̀sán, nígbà tí ọmọ kò sùn, tí ìyá sì jókòó tì í, kó tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó dojú ọmọ bolẹ̀ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ á gbé orí, á mì í lọ mì í bọ̀, á bínú, á ké, á sì fi apá méjèèjì ti ilẹ̀.