Físà iṣẹ́ oko ní UK: ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni

Èmi náà ti sanwó fún ajẹ́ǹtì kan rí torí físà yìí. Owó lọ, físà ò dé. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé.

Seasonal Worker lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kíkórè èso àti ewébẹ̀ ni, kì í ju oṣù 6 lọ. Ti adìyẹ Kérésì wà lọ́tọ̀: 2 October sí 31 December. Ẹ ò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Bí ọjọ́ bá pé, ilé yá nìyẹn.

Nọ́ńbà Certificate of Sponsorship lẹ máa kọ́kọ́ gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀ tí ìjọba UK fọwọ́ sí nìkan ló ń fúnni. Orúkọ wọn wà lórí gov.uk. Òfin wọn ò sì gbà kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ yín pé àwọn bá yín wáṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, £1,270 gbọ́dọ̀ wà ní báńkì yín fún ọjọ́ 28, àfi tí ilé-iṣẹ́ náà bá dúró fún yín. Ìjọba UK fúnra rẹ̀ lẹ máa sanwó físà fún.

Ẹni tó bá ní òun ń ta sponsorship, ẹ sá fún un. Owó yín ló ń wá.