Ilé Kọfí Lọ́ńdọ̀nù àti Ohun tí a Ṣe Nínú Rẹ̀

Àwọn ènìyàn wà tí wọ́n rò pé ilé tí a ti ń jẹ, tí a ti ń mu, kò yẹ ní ohun tí à ń kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Wọn a ní ìtàn ọba ni ìtàn, ìtàn ogun ni ìtàn. Kí ni a fẹ́ fi ti olóúnjẹ ṣe? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó rí lórí àga gbọọrọ nílé olóúnjẹ àdúgbò mọ̀ pé oúnjẹ nìkan kọ́ ni à ń bá níbẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹni tí ó kú, ẹni tí ó gbéyàwó, iye tí a ń ra kòkó, àti ohun tí ìjọba ń gbèrò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ilé kọfí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ọ̀ràn rẹ̀ kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Kọfí kì í ṣe ohun ọ̀gbìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti Ethiópíà ni igi rẹ̀ ti wá. Ní Yémẹ́nì ni àwọn Mùsùlùmí olùfọkànsìn ti ń mu ún, kí oorun má baà gbé wọn lọ nígbà àìsùn. Ní ọdún 1511, gómìnà Mẹ́kà fòfin dè é, nítorí ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n péjọ lóru tí wọ́n ń mu ún, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Òfin náà kò pẹ́ tí ó fi wó. Ní nǹkan bí ọdún 1555, ilé kọfí ti dé Constantinople, ọ̀dọ̀ àwọn Tọ́ọ̀kì sì ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ti tọ́ ọ wò.

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, Daniel Edwards, mú ìránṣẹ́ kan bọ̀ wálé láti Smyrna, Pasqua Rosée ni orúkọ rẹ̀. A máa se kọfí fún ọ̀gá rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá mu kọfí, tí ilé fi kún, tí ara onílé kò sì gbà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí ìránṣẹ́ náà lọ máa tà á níta. Ní ọdún 1652 ó pa àgọ́ rẹ̀ sí àgbàlá ìjọ Míkáẹ́lì Mímọ́ ní Cornhill. Inú àwọn ọlọ́tí kò dùn rárá. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá olórí ìlú pé àlejò ni ọkùnrin náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ àti ṣòwò láàrin àwọn ọmọ onílùú. Ta ni kò mọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n fi ọmọ ìlú kan kún un, ọjà sì ń lọ.

Kọ́bọ̀ kan péré, owó Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ni ènìyàn fi ń wọlé. Bí ó bá ti san án, yóò mu kọfí, yóò ka ìwé ìròyìn, yóò sì jókòó síbi tí àyè bá wà, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìjòyè. Àwa a máa wí pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó san kọ́bọ̀ tirẹ̀ kò ti ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin pàápàá wà lára àwọn tí ó ni irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà rí wọn láàrin àwọn oníbàárà. Ìwé kan jáde lórúkọ wọn ní ọdún 1674 pé kọfí ti ba àwọn ọkọ àwọn jẹ́. Èmi fura pé ọkùnrin ẹlẹ́fẹ̀ kan ni ó kọ ọ́.

Ibi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, ọba a máa ṣọ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1675, Ọba Charles Kejì kéde pé kí a ti gbogbo ilé kọfí pa láti ọjọ́ 10 oṣù Kínní, nítorí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìjọba láìdáa nínú wọn. Ariwo ta. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí òfin náà múlẹ̀, ọba fúnra rẹ̀ yí i padà.

Èyí tí ó tóbi jù lọ lójú mi ni ti Edward Lloyd. Ní nǹkan bí ọdún 1688 ó ní ilé kọfí ní Tower Street, nítòsí èbúté. Ní 1691 ó kó lọ sí Lombard Street. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni oníbàárà rẹ̀, ó sì gbé àga gíga kan kalẹ̀, bí àga ìwàásù, níbi tí a ti ń ka ìròyìn ọkọ̀ sókè. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun a kọ orúkọ ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ sórí ìwé. Àwọn olówó tí wọ́n jókòó tì í a kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìpín tí olúkúlùkù yóò san bí ọkọ̀ bá rì, wọn a sì gba owó díẹ̀ ṣíwájú. Iṣẹ́ adójútòfò nìyẹn. Ọgbọ́n dáradára ni, ó jọ èésú wa ní ti pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń gbé ẹrù kan.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹrù náà? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ènìyàn ni. Láàrin ife kọfí àti èéfín tábà ni a ti díye lé orí àwọn tí a kó ní etíkun wa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń díye lé aṣọ àti ìbọn. Bí ẹrú kan bá sì sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tí ó bá rí i mú un wá sí ilé kọfí báyìí-báyìí, kí ó gba ẹ̀bùn. Kọfí tí wọ́n ń mu pàápàá bọ́ sábẹ́ ọ̀ràn náà: kí ọdún 1791 tó dé, tí àwọn ẹrú dìde ní Saint-Domingue, tí í ṣe Háítì lónìí, nǹkan bí ìdajì kọfí ayé ni ó ń ti ọwọ́ wọn jáde. Àwọn tí a ń pè ní Nàgó, ìyẹn àwọn ènìyàn wa, wà lára wọn. Nígbà náà, orí àga kan náà ni òmìnira ọ̀rọ̀ àti owó ẹrú jókòó sí ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi kò sì rí i kà pé èkíní bá èkejì jà púpọ̀ níbẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà ní 1807. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ẹgbẹ́ Lloyd's tọrọ àforíjì ní gbangba fún ipa tí wọ́n kó nínú rẹ̀. Ilé gíga onírin ni wọ́n wà báyìí ní Lime Street, a kò sì ta kọfí fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù gígùn, orúkọ agbáwo ni wọ́n ṣì ń jẹ́.